Ẹ Bi Wá: Ìwé Tí A Kà, Àmàlà Tí A Jẹ, Eré Tí A Sá

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tí kì í ṣe oníròyìn, tí wọn kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ ní yunifásítì, ń kọ èrò wọn sílẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n kà, ilé oúnjẹ tí wọ́n yà sí àti eré ìje tí wọ́n bá wọn sá, wọ́n sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é tí ẹlòmíràn yóò fi rí nǹkan mú lò níbẹ̀. A yan díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà. A kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, a sì yọ orúkọ àwọn ilé oúnjẹ tí ẹ fẹjọ́ wọn sùn kúrò, nítorí pé a kò gbọ́ ti ẹnu wọn.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan, Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń kọ àyẹ̀wò ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá fún ẹgbẹ́ àwa olùkọ́. Àwọn kan ń bínú pé mo máa ń tú gbogbo ìtàn sílẹ̀ débi tí kò fi sí ìdí tí àwọn yóò fi ra ìwé náà mọ́. Bí n kò bá sì sọ ìtàn, wọn a ní ọ̀rọ̀ mi ṣófo. Ibo gan-an ni kí n dúró sí?

Ìdáhùn: Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ẹ ó dúró sí fún yín, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìtàn ni ó gbé adùn rẹ̀ pamọ́ sí ìparí. Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1938. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé Àkàrà-Oògùn bọ̀ láàyè láti inú igbó, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún òǹkàwé pé ọdẹ náà padà wálé, kò sí ohun tí ẹ bà jẹ́. Èdè Fágúnwà ni ó ń fa ènìyàn wọ inú igbó náà: bí ó ṣe ń to ọ̀rọ̀ léra wọn, bí iwin kan kò ṣe tíì kúrò lójú ọ̀nà tí òmíràn ti yọjú, àti bí ó ṣe ń dá ìtàn dúró láti gba ni níyànjú (níbi tí èmi a ti máa rọra bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a padà sínú igbó). Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí àyẹ̀wò yín dúró lé lórí, nítorí pé bí ẹ tilẹ̀ sọ ìtàn náà tán pátá, ẹ kò tíì sọ ìwé náà.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní ọdún 1969, Lápàdé tí ó ti ṣe ọlọ́pàá rí ń wá ìdí ọ̀ràn, òǹkàwé náà sì ń bá a wá a láti ojú ewé dé ojú ewé. Ẹni tí ó bá dárúkọ ẹni tí ó wà nídìí ọ̀ràn náà ti gba iṣẹ́ Lápàdé mọ́ ọn lọ́wọ́. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ròyìn bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ irú ẹni tí Lápàdé jẹ́ àti bí àwọn ènìyàn inú ìwé náà ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn, kí ẹ sì dákẹ́ níbi tí ó ti kọ́kọ́ fura sí ẹnìkan.

Oríṣi kẹta ni ìwé tí ìtàn rẹ̀ ti wà ní gbangba kí òǹkọ̀wé tó fọwọ́ kàn án. Eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní ọdún 1970, dá lórí Ìyálóde Ìbàdàn tí ikú rẹ̀ ní ọdún 1874, nígbà Ààrẹ Látòósà, kì í ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ ìtàn ìlú náà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ jíròrò níbẹ̀ ni irú obìnrin tí ó wà lórí ìtàgé. Nínú eré náà, ìkà paraku ni. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn, olówò ńlá tí òun àti Látòósà kò gbọ́ ara wọn yé lórí ọ̀rọ̀ ogun àti gbèsè ohun ìjà ni pẹ̀lú. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ gbà gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ ka eré náà tán, kí sì ni ohun tí ó wà nínú eré náà tí ó mú yín gbà á gbọ́? Ẹni tí ó bá ka irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yóò wá ìwé náà rà kí ó lè bá yín jiyàn.

Ní ti pé ọ̀rọ̀ yín ṣófo, ẹ̀sùn yẹn a máa wáyé nígbà tí akọ̀wé bá kó ìdájọ́ jọ láìsọ ohun tí ó rí. “Ìwé yìí dùn” kò sọ nǹkan kan. Ẹ da gbólóhùn kan kọ láti inú ìwé náà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ó fi mú yín dúró. Ẹ sọ bóyá wọ́n fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tún tẹ̀ ni àmì rẹ̀ ti dàrú. Ẹ sọ iye tí ẹ rà á àti irú ibi tí ẹ ti rí i, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé Yorùbá lónìí mọ̀ pé wíwá rẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́. Níwọ̀n bí àwọn òǹkàwé yín sì ti jẹ́ olùkọ́, wọn yóò fẹ́ mọ kíláàsì tí ó lè kà á láìsùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Iléṣà: Ṣé ó dára kí n kọ àyẹ̀wò ìwé tí n kò kà tán?

Ìdáhùn: Ó dára, bí ẹ bá sọ ojú ewé tí ẹ kà dé àti ohun tí ó mú yín pa ìwé náà dé. Ó tilẹ̀ wúlò, nítorí pé àwọn mìíràn yóò fẹ́ mọ ibi tí ìwé náà ti sú ènìyàn. Èyí tí kò dára ni kí ẹ wo fíìmù Ó Le Kú tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1997, kí ẹ wá kọ̀wé lórí Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́ bí ẹni pé ìwé ọdún 1974 ni ẹ kà.

Òǹkàwé kan tí ó fẹ́ràn àmàlà, Èkó: Mo lọ sí bùkà kan ní àdúgbò wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àmàlà ti tutù, ó ti le. Gbẹ̀gìrì ti ń kan. Wọ́n sì gba owó ẹran mẹ́rin lọ́wọ́ mi nígbà tí ó jẹ́ pé mẹ́ta ni mo rí nínú abọ́. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lórí Google, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni wọ́n. Ìyá olóúnjẹ ti rán ọmọ rẹ̀ sí mi pé òun yóò fi ọlọ́pàá mú mi. Ṣé ó lè ṣe é?

Ìdáhùn: Àyà yín kò já lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọlọ́pàá mú obìnrin kan nítorí pé ó kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú tòmátò tí òun rà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe tòmátò náà ni ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ọ̀rọ̀ náà sì dé iwájú adájọ́ lábẹ́ òfin ọdún 2015 tí ó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣọ̀rí 24 òfin náà ni wọ́n sábà máa ń nà sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn tí ariwo ti pọ̀, àwọn aṣòfin tún ìṣọ̀rí náà ṣe, tí ó fi jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ti àwòrán ìṣekúṣe àti ti ìhalẹ̀, irọ́ tí ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ó sì kọ ọ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, ni ó kù tí ó ń bá wí. Ó ṣòro láti rí bí gbẹ̀gìrì tí ó kan ṣe lè da ìlú rú.

Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni ó yẹ kí ẹ ronú sí ju ọlọ́pàá lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ kò rí bákan náà níwájú òfin. “Àmàlà ti tutù” jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, òtítọ́ a sì máa gba ẹni tí ó sọ ọ́. “N kò gbádùn oúnjẹ wọn” jẹ́ èrò yín, òfin sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá sọ èrò ọkàn rẹ̀ láìní àránkàn lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ọ̀daràn ni “olè”. Ẹ̀yin ni ẹ ó sì fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú owó yín ni, pé kì í ṣe ẹni tí ń bu ọbẹ̀ ni ó ṣi ẹran kà láàárín èrò. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lónìí. Ẹ kọ ọ́ báyìí dípò rẹ̀: ẹran mẹ́rin ni mo san owó rẹ̀, mẹ́ta ni mo rí. Bí ẹ bá pe àkíyèsí wọn sí i níbẹ̀, ẹ sọ èsì tí wọ́n fún yín; bí ẹ kò bá sọ fún wọn, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹni tí ó bá kà á yóò fúnra rẹ̀ pinnu orúkọ tí òun yóò pè é. Bí ó bá jẹ́ owó yín gan-an ni ẹ ń wá, òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń gba ẹjọ́ oníbàárà, iyẹn FCCPC. Bí ìhalẹ̀ náà kò bá sì dáwọ́ dúró, agbẹjọ́rò ni kí ẹ tọ̀ lọ, nítorí ojúewé yìí kò lè dúró fún yín nílé ẹjọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ohun tí ẹ kọ sórí Google: aago mélòó ni ẹ dé ibẹ̀? Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè, tí a sì kù ni gbẹ̀gìrì, ó sì tètè máa ń kan nínú ooru. Àmàlà náà, bí wọ́n bá ti rò ó ní òwúrọ̀ tí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, tí wọ́n tò ó sínú kúlà, yóò ti máa le bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹni tí ó jẹun níbẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán nígbà tí èrò ń rọ́ wọlé, tí wọ́n ń ro àmàlà lákọ̀tun, àti ẹni tí ó dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò jẹ oúnjẹ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu ọbẹ̀ fún wọn. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́. Òǹkàwé tí ó rí ìràwọ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀kan àti ìràwọ̀ kan lọ́dọ̀ èkejì yóò rò pé ọ̀kan ń purọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni wákàtí nìkan ni wọn kò kọ.

Nítorí náà, ẹ kọ wákàtí. Ẹ kọ bóyá èlùbọ́ iṣu ni wọ́n lò tàbí láfún, nítorí pé ẹni tí ó ń wá àmàlà dúdú kò ní fẹ́ bá funfun pàdé. Ẹ kọ ohun tí ẹ bèèrè: ògúnfe ni, ṣàkì ni, àbí pọ̀nmọ́? Ẹ sọ bí ìlà ṣe gùn tó, àti bóyá omi ìfọwọ́ wà. Ẹ kọ iye owó pẹ̀lú oṣù àti ọdún, nítorí pé owó oúnjẹ lóde òní kì í dúró sójú kan. Àwọn kan tún máa ń ka ìwà oúnjẹ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ alásè lọ́rùn. Mo ti rí ẹni tí ó fi ẹjọ́ ìrẹsì ọ̀fadà sùn pé ó ń rùn, tí ó tún ní irú pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fadà ni ẹni náà bèèrè, ọ̀fadà sì ni wọ́n gbé fún un. Bí òkúta bá wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni kí ó kọ.

Ìyá ọmọ méjì kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Ọkọ mi mú mi lọ sí ilé oúnjẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù nítorí àyájọ́ ìgbéyàwó wa. Abọ́ kéékèèké ni wọ́n ń gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ sì tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nílé wa. Kò sí àmàlà, kò sí ìyán. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé oúnjẹ òyìnbó ni wọ́n kun ata sí. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ta ni ó jàre?

Ìdáhùn: A kò ní bá yín dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ṣùgbọ́n a lè sọ ohun tí ilé oúnjẹ irú èyí ń gbìyànjú láti ṣe, kí ẹ lè fi ìyẹn wọ̀n ọ́n. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti ní irú rẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìwé atọ́nà Michelin fún ilé oúnjẹ Chishuru ní ìràwọ̀ kan. Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà, ni alásè ibẹ̀, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń ta táyà mọ́tò ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé atọ́nà náà ní ọdún 1900, kí àwọn ọlọ́kọ̀ lè máa rìnrìn àjò kí táyà wọn sì tètè jẹ. Ìràwọ̀ dé ní ọdún 1926. Ìràwọ̀ kan ń sọ pé oúnjẹ ibẹ̀ dára púpọ̀. Méjì ń sọ pé ó tó ohun tí ènìyàn lè yà kúrò lójú ọ̀nà fún. Mẹ́ta ń sọ pé ó tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò fún wọn kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọn a sì san owó oúnjẹ wọn. Ohun tí ó wà nínú abọ́ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo àga, wọn kì í wo bí ilé ṣe dán.

Ẹ ríi pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè bóyá àlejò yó. Ìyẹn ni ó ń dun yín, ó sì tọ́ kí ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ iye abọ́, ẹ kọ iye owó, ẹ kọ pé ebi ṣì ń pa yín nígbà tí ẹ ń padà sí Peckham, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n “oúnjẹ òyìnbó” jẹ́ ìdájọ́ tí ó nílò ẹ̀rí. Ṣé ẹ tọ́ irú wò nínú ọbẹ̀ náà? Ṣé ata rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ mọ̀, tí wọ́n sè é jinná, àbí èyí tí wọ́n rọra fi pa ahọ́n lára kí àlejò má baà sunkún? Bí ẹ bá rí adùn tí ẹ mọ̀ nínú abọ́ tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dùn mọ́ ọkọ yín nínú. Bí kò bá sí adùn kankan tí ẹ dá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń sáré ní òwúrọ̀, Abẹ́òkúta: Mo sá eré kìlómítà 10 kan. Aago ọwọ́ mi fi 10.3 hàn nígbà tí mo dé ibi òpin. Nínú èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́, àkókò méjì ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi, ọ̀kan sì gùn ju èkejì lọ. Mo fẹ́ kọ nípa eré náà fún àwọn tí a jọ ń sáré. Ṣé kí n kọ ọ́ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà “rẹ́ jẹ” títí ẹ ó fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà eré. Wọn kì í fi mọ́tò wọ̀n ọ́n, wọn kì í sì í fi aago ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn, tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ka yíyí táyà mọ́; ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà yóò máa tọ ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ tí sárésáré lè gbà, yóò máa gé kọ̀rọ̀ mọ́ etí títì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀nà má baà kúrú ju bí wọ́n ti pè é lọ. Ìdí nìyí tí eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, tí a ń pè ní kìlómítà 42.195, fi máa ń ní mítà bíi 42 lé nínú wíwọ̀n. Ẹ̀yin ní tiyín yà fún ẹni tí ó ń rìn níwájú yín, ẹ yà síbi tábìlì omi, ẹ sì gba apá òde kọ̀rọ̀ nítorí pé èrò ti kún apá inú. Aago yín náà ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ilé gíga àti abẹ́ afárá a sì máa ṣì í lọ́nà. Bí ẹ bá ṣì ń fura, ẹ bi àwọn tí ó ṣètò eré náà bóyá wọ́n ní ìwé ẹ̀rí wíwọ̀n. Bí wọn kò bá ní, ẹ ti rí ohun pàtàkì kan kọ sínú àyẹ̀wò yín, ó sì lágbára ju ohun tí aago yín sọ lọ.

Ní ti àkókò méjì, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìbọn dún, èkejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ṣíìpù kékeré tí ó wà lẹ́yìn nọ́ńbà àyà yín kọjá lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó dúró sẹ́yìn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lè rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó dé ìlà náà. Àkókò ìbọn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó gba ipò. Ti ṣíìpù ni kí ẹ̀yin máa fi mọ̀ bóyá ẹ̀ ń yára sí i. Ẹ kọ èyí tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé iyàn púpọ̀ láàárín àwọn tí ń sáré kò ní ìdí ju pé ọ̀kan ń ka ti ìbọn, èkejì ń ka ti ṣíìpù.

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àyẹ̀wò eré ìje, tí mo sì rò pé àwọn akọ̀wé kì í fẹ́ sọ nítorí ìtìjú, ni ibi tí wọ́n wà láàárín àwọn sárésáré. Ẹni tí ó wà ní ẹgbẹ́ iwájú máa ń bá omi tútù lórí gbogbo tábìlì, títì ṣì mọ́, àwọn ọlọ́pàá ojú pópó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì lè bá ọ̀rá omi tí ó ṣófo nílẹ̀, kí ó sì bá dánfó tí ó ti padà sójú títì. Ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin Èkó, tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, láti pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic ní Victoria Island, ọ̀nà náà gba orí afárá Third Mainland tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8. Kò sí igi kan lórí afárá náà, kò sí òjìji. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Etiópíà tí wọ́n máa ń gba ipò iwájú ti sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àwọn akọ̀wé báńkì àti olùkọ́ tí wọ́n ń tẹ̀lé wọn bọ̀ ni oòrùn ń bá níbẹ̀. Ìròyìn ẹgbẹ́ iwájú lórí irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè ran ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ láti mọ iye omi tí yóò gbé dání. Nítorí náà, ẹ kọ àkókò yín sí òkè pátápátá, bí ó ti wù kí ó gùn tó.

Ìlànà eré ojú títì ń fẹ́ kí omi wà ní nǹkan bíi kìlómítà 5 sí kìlómítà 5. Ẹ fi ìyẹn yẹ eré tí ẹ sá wò: kìlómítà mélòó ni ẹ ti kọ́kọ́ rí omi, ṣé ó ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ débẹ̀? Ẹ ròyìn ọ̀nà náà pẹ̀lú. Eré kìlómítà 10 ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, kún fún òkè. Ẹni tí ó bá fi àkókò rẹ̀ níbẹ̀ wé ti ọ̀nà títẹ́jú yóò kàn fi ìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Ẹ sọ bí gbígba nọ́ńbà ṣe rí ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ẹni tí ó rẹ̀ rí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n bàtà tuntun tí ó bó yín lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó ṣètò eré. Ẹ lè sọ ọ́, kí ẹ má kàn kà á mọ́ wọn lọ́rùn.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀lé lórí Instagram, Ìbàdàn: Òǹkọ̀wé kan fún mi ní ìwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé oúnjẹ kan náà ní kí n wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ kí n sì sọ̀rọ̀ wọn ní rere. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Méjèèjì kò dọ́gba. Ó ti pẹ́ tí àwọn atẹ̀wétà ti ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣàyẹ̀wò, ìwé tí wọ́n sì fún yín ni ẹni tí ó bá fowó rà á yóò bá lọ́jà, kò yí padà nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Oúnjẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ fi ti ojúsàájú sílẹ̀: alásè tí ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ yóò ro àmàlà tuntun, yóò ṣa ẹran tí ó dára jù, yóò sì ní kí wọ́n nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ tilẹ̀ sọ òtítọ́ pátápátá, oúnjẹ tí àwọn tí ń tẹ̀lé yín yóò bá níbẹ̀ kọ́ ni ẹ ròyìn. Bí ẹ bá lọ, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé wọ́n pè yín ni, pé ẹ kò sanwó, kí ẹ má tì í sí ìsàlẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tí yóò kà á dé. Kí ẹ sì sọ fún wọn kí ẹ tó jókòó pé ẹ kò lè ṣèlérí láti “sọ̀rọ̀ wọn ní rere”. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ẹ̀rí ọkàn nìkan ní àwọn ilẹ̀ kan: ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba tí ó de àyẹ̀wò irọ́ àti ríra ìyìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ní olùtẹ̀lé níbẹ̀, ẹ fi sọ́kàn.

Oníṣòwò kan, Àkúrẹ́: Ìràwọ̀ mélòó ni ó yẹ kí ènìyàn fún ohun tí kò dára, tí kò sì burú?

Ìdáhùn: Mẹ́ta, láìbẹ̀rù. Àwọn ènìyàn wa máa ń fún ni ní márùn-ún nítorí ìtìjú tàbí ọ̀kan nítorí ìbínú. Nígbà tí èmi bá fẹ́ mọ ibi kan, àwọn tí ó fún un ní mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń ṣàlàyé.

Òǹkàwé kan, Ìlọrin: Mo kọ ọ̀rọ̀ tí kò dára nípa olóúnjẹ kan ní ọdún tó kọjá. Mo padà débẹ̀ láìpẹ́ yìí, nǹkan ti yàtọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n pa ohun tí mo kọ rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á rẹ́, nítorí pé ohun tí ẹ sọ ní ọdún tó kọjá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àwọn kan sì lè ti jẹun níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọn yóò fẹ́ mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́. Ẹ kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ padà lọ sí i, ẹ sọ ohun tí wọ́n ti tún ṣe àti èyí tí wọn kò tíì tún ṣe. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá alásè kan náà ni ó ṣì wà nídìí ìkòkò, kí ẹ sì kọ èsì tí wọ́n bá fún yín.